Èènì Ìyá Síkírá

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà ra ìrẹsì ní Kọ́máàńdì, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ibùdókọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó bu ìrẹsì kún kọ́ńgò, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́nu, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo èyí tó ga ju ẹnu kọ́ńgò lọ sì padà sínú àpò. Ìró àtẹ́lẹwọ́ lórí ìrẹsì gbígbẹ kò ju ìró ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe dé etí mi báyìí, inú bí mi débi pé mo gbàgbé iye kọ́ńgò tí mo fẹ́ rà. Mo bi í pé èènì mi ńkọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín àfojúdi o, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ àgbà pa lẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Jára kẹ̀, mà? Pẹ̀lú bí dọ́là ṣe wà yìí? Ta ló máa wá san owó ẹ̀?"

Mo sanwó, mo gbé ìrẹsì mi, mo jáde. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ bá mi wọ kẹ̀kẹ́, ó bá mi délé, títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò tíì lọ.

Mi ò tíì darúgbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ mi gbà pé mo wà lára àwọn tó ṣán igbó Ìkọ̀tún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà ní Ayọ̀bọ̀, àwọn tó bá ń kọ́lé síbẹ̀ la máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti kó lọ sí Ìlọrin. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, abẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì la ti ń sanwó pe èèyàn, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ ohun tí o bá bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ẹ̀gbẹ́dá là ń gbé, nínú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín rẹ̀ dúdú lọ́sàn-án bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Sítóòfù gbogbo ilé wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Tí ìyá kan bá ń din ata, gbogbo wa la jọ ń sín.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Síkírá wà lójúde ilé náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin dúdú, gíga, tí kì í bọ́ ìborùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti òróró. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, ìyẹn Síkírá, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ìwé. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ọkọ Ìyá Síkírá, òun ni oko rẹ̀, òun náà ni owó ilé-ìwé Síkírá. Síkírá fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó ti mú ìborùn funfun ìyá rẹ̀ kan tó ti gbó, ó ti ká a ṣe fìlà nọ́ọ̀sì, ó sì máa ń fi ọ̀pá bírò gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Sẹ́kọ́ńdírì tí a fẹ́ jọ wọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ní gbogbo ìgbà.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń wọn ọjà. Yóò da ìrẹsì sínú kọ́ńgò, yóò kún, kò ní dúró. Yóò máa dà á lọ títí tí ìrẹsì á fi yọ ṣóńṣó lórí bí òrùlé ahéré, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sì sí bó ṣe lè gba ẹyọ kan sí i. Ìyẹn ni kọ́ńgò kan. Lẹ́yìn tó bá ti dà á sínú àpò rẹ tán, yóò tún ki ọwọ́ bọ àpò ìrẹsì, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ìyẹn ni èènì ilé. Kò tíì tán o. Yóò ṣí agolo kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò mú kúlíkúlì kan níbẹ̀, yóò fi lé ọ lọ́wọ́, ìyẹn ni èènì ọmọ. Ó máa ń sọ pé ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí kò rí nǹkan jù sẹ́nu bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo lọ́jọ́ mìíràn. Òótọ́ ni. Nítorí kúlíkúlì yẹn, èmi ni mo máa ń sọ fún ìyá mi pé iyọ̀ ti ń tán nílé nígbà tí iyọ̀ kò tíì dé ìdajì.

Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Síkírá fẹ̀. Ti Síkírá kéré. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá Síkírá nìkan, wọ́n á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, wọ́n á ní, "Ìyá ẹ ńkọ́?" Tí ó bá ní wọ́n ń kírun, wọ́n á ní àwọn ò kánjú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó pàṣẹ pé kí Síkírá máa bu èènì lẹ́ẹ̀mejì, kí ọwọ́ ọmọdé má bàa rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Ṣé ẹ rí irú èèyàn tí mò ń sọ?

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọba dédé rántí pé owó kò sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó máa ń mú ìwé ìròyìn ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ nílé tí ọ̀gá bá ti kà á tán, òun ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyá mi. Ó ní ìjọba sọ pé àwọn ń náwó jù, pé àwọn kò ní lè máa fi owó ìlú dín owó epo bẹntiróòlù kù fún wa mọ́. Náírà pàápàá sì ti ń yọ̀ ṣubú bọ̀ tipẹ́, dọ́là ń gùn ún lẹ́yìn. Ìyá mi ní kí ló kan àwa nínú dọ́là, ṣé àwa la máa ń ná an ni? Bàbá mi na ọwọ́ sí ìkòkò ìrẹsì tó wà lórí sítóòfù, ó ní dọ́là ni wọ́n fi ń ra ìyẹn wọ ìlú.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde iye tuntun, ọkùnrin kan jókòó nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ agbádá tó lè ran ṣòkòtò fún gbogbo ọmọkùnrin ilé wa, ó ń sọ fún wa pé kí a fún ìgbànú wa mọ́ra, pé ọjọ́ iwájú yóò dára. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ìgbànú tirẹ̀ láti ọdún mélòó kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún opó tó ń ta ìrẹsì. Mo jẹ́ ọmọdé nígbà náà, mo rò pé bàbá rere kan ló ń gbà wá níyànjú. Nísinsìnyí tí mo ti ní ilé tí mò ń bọ́, tí mo bá rántí ojú ọkùnrin yẹn, èpè ló máa ń bọ́ lẹ́nu mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ayé ti yàtọ̀. Owó ọkọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ọ̀ṣòdì ti fò sókè, bàbá mi sì ní láti máa rìn dé Àkówọnjọ kó tó wọkọ̀. Búrẹ́dì kò wọ́n sí i o, ó kàn fúyẹ́ ni. Tí o bá fi ọwọ́ fún un, gbogbo rẹ̀ á wọ inú ọwọ́ rẹ. Kẹrosíìnì di ohun tí wọ́n ń wọ̀n bí oògùn. Àwọn ọlọ́jà tó gbọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ní àwọn ń ṣàìsàn. Àìsàn kan náà ló mú gbogbo wọn. Wọ́n ń dúró de iye tuntun ni, kí wọ́n lè fi ta ọjà tó ti wà nílẹ̀.

Ìyá Síkírá nìkan ló ṣí. Ìrẹsì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo owó rẹ̀ rajà ṣáájú ààwẹ̀ ni, iye àtijọ́ ló sì ń tà. Bàbá mi kọjá, ó dúró. Mo wà níbẹ̀, lórí àpò ẹ̀wà, èmi àti Síkírá.

Ó ní, "Ìyá Síkírá, ẹ fowó lé e o. Tí ẹ bá padà dé ọjà, ẹ ò ní bá a ní iye yìí mọ́."

Ìyá Síkírá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìrẹsì yìí ti ń sùn nílé mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ epo. Kò gbọ́ nǹkan kan. Tí n bá wá fi owó òní ta ọjà àná, hàràámù ni mò ń jẹ yẹn."

"Ṣùgbọ́n tí eléyìí bá tán ńkọ́?"

"Ìgbà tí mo bá ra ti òní, mà á ta á ní ti òní. Ọlọ́run ń bẹ, jàre."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló fi òwò yẹn lé e lọ́wọ́, ohun tó sì kọ́ ọ ni pé èrè ọjà kì í yí padà lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wọlé. Ẹni tó bá yí i padà ti jalè. Nígbà ayé ìyá rẹ̀, òfin yẹn dára. Àpò ìrẹsì tó rà lóṣù yìí, iye rẹ̀ náà ni yóò bá lóṣù tó ń bọ̀, ó lè tẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, kó má sì jẹ gbèsè. Ìjọba ló ba òfin náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, láàárín òru kan, láìsọ fún un. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Nǹkan tí wọ́n fi kọ́ ọ kó lè jẹ́ èèyàn gidi, òun gan-an ni wọ́n fi mú un.

Ìròyìn tàn ká. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn obìnrin ti tò dé ẹnu títì, àwọn mìíràn láti àdúgbò tí a ò mọ̀, wọ́n gbé garawa, wọ́n gbé báàfù, wọ́n gbé ike ọ̀dà. Ẹ ò rí àdúrà lọ́jọ́ náà. "Ọlọ́run á bù sí i fún un yín." "Ẹ ò ní kú sójú òwò." "Ọmọ yín á ṣojú yín." Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ni wọ́n ń na báàfù, tí ọ̀kan bá sì rò pé wọ́n ti gbàgbé, á ní, "Èènì mi dà, Ìyá Síkírá?" Ó sì ń bu èènì fún gbogbo wọn. Òógùn bò ó, ìborùn rẹ̀ ti yẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Síkírá ń bu ní ẹ̀ẹ̀mejì-mejì. Agolo kúlíkúlì ti ṣófo kí wọ́n tó kírun àsárì, nígbà tí wọ́n sì jókòó láti sinmi, orí àpò òfìfo ni wọ́n jókòó sí.

Aya onílé wa ra àpò méjì odindi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó ti gbé tábìlì sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń tà á ní iye tuntun, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ẹnu kọ́ńgò. Ẹnu kan náà tó fi ṣàdúrà ló fi ń ná ọjà. Ìyá mi ra kọ́ńgò mẹ́fà, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí kò bá sí. Bàbá mi ń wò ó.

Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan nínú yín tiẹ̀ ti bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí obìnrin yìí máa ti rí owó ra òmíràn?"

Ìyá mi ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó má fowó lé e ni?"

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Owó oúnjẹ tí bàbá mi ń fún un kò kúrò lójú kan, gbogbo nǹkan tó sì fẹ́ fi rà ti fò fẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi sí i, títí di òní.

Ìyá Síkírá lọ sí ọjà ìrẹsì ní Múṣin lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó ń lọ, ó wé gèlè lé ìborùn rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ òde. Ìgbà tó dé, alábàárù kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e láti ibùdókọ̀, àpò mélòó kan ló sì wà nínú ọmọlanke tí ó yẹ kó kún. Iye tí wọ́n ń ta àpò kan ti lọ jìnnà, owó ọkọ̀ sì ti jẹ nínú èyí tó kù. Ó tò wọ́n sí igun ṣọ́ọ̀bù, wọn ò kún igun náà. Ó jókòó síwájú wọn, kò bọ́ gèlè.

Nígbà tó pe iye tuntun lọ́jọ́ kejì, kí lẹ rò pé àwọn obìnrin wa ṣe? Wọ́n pòṣé. Àwọn tó gbàdúrà lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló ń sọ pé Ìyá Síkírá náà ti gbọ́n, pé ojú rẹ̀ ti là, pé gbogbo wọn náà ni. Ọ̀kan tilẹ̀ pè é ní olè lójú ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwa ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tí ọkọ̀ kò gbà, inú wa dùn; lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní wọ́n ti yanjú rẹ̀, epo sì dúró síbi tó wà. Kò sẹ́ni tó lọ pòṣé lójú ọkùnrin alágbádá. Ó jìnnà. Opó wà nítòsí, nítorí náà òun la bá jà.

Ó gbìyànjú o. Ó ń da ṣóńṣó lé kọ́ńgò, ó ń bu èènì, ọjà sì ń jẹ ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Náírà kò dúró dè é; bó bá ti padà sí Múṣin, iye á tún ti yàtọ̀, àpò tó ń gbé bọ̀ sì ń dín kù.

Ní ọjọ́ kan, ìyá mi rán mi. Mo na àpò ọ̀rá mi. Ìyá Síkírá bu ìrẹsì, ó kún, ó dúró. Mo ń retí ṣóńṣó. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ńlá rẹ̀ yẹn lé ẹnu kọ́ńgò, ó gbá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ìró yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyẹn. Síkírá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ da ìrẹsì sínú ọ̀rá mi, kò ki ọwọ́ bọ àpò mọ́. Ó ṣí agolo, ó mú kúlíkúlì kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ó ní, "Má bínú, ọkọ mi. Sọ fún màmá ẹ pé kí wọ́n má bínú."

Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń bẹ̀bẹ̀.

Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Síkírá wá dágbére fún mi lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kò sunkún. Ó ní òun máa lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá òun, òun á máa bá wọn yan gàrí, tí owó bá wà, òun á wọ sẹ́kọ́ńdírì níbẹ̀. Ó wá bojú wo inú yàrá wa, ó ní, "Ìrẹsì wa ṣì kù lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ó dáa." Ó sì lọ.

Ìrẹsì wa, ló pè é. Ìyá mi sè é lálẹ́ yẹn pẹ̀lú ata àti ẹja panla, ó dùn, mo sì jẹ ẹ́ tán nítorí ebi ń pa mí. N kò rí Síkírá mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti bi wọ́n léèrè títí ó fi sú mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó di nọ́ọ̀sì. Onífótò kan ló gba ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n wó o pa pọ̀ mọ́ ilé nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà fẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn ọlọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá kọ́gbọ́n dáadáa lára Ìyá Síkírá. Lónìí, kí olóyè Abùjá tó sọ̀rọ̀ tán lórí rédíò, wọ́n ti fowó lé ọjà, títí kan èyí tí wọ́n ti rà láti oṣù mẹ́ta. Mi ò bá wọn wí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkùnrin alágbádá ti padà wá látìgbà yẹn? Ojú rẹ̀ ń yí padà, ohùn rẹ̀ kì í yí padà. Ó ṣì ń ní kí a fún ìgbànú mọ́ra, ó ṣì ń ṣèlérí ọjọ́ iwájú. Ọjọ́ iwájú tó ṣèlérí fún Ìyá Síkírá la wà nínú rẹ̀ yìí, ẹ wo bó ṣe rí.

Ohun kan wà tí kò tíì yí padà nílé mi. Tí mo bá fẹ́ se ìrẹsì, ife tí mo fi ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ ní ṣóńṣó. Mi ò lè gbá a. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé, "Mọ́mì, èwo ni ife kan nínú èyí?" Tí wọ́n bá sì ti ọjà bọ̀, mo máa ń wá nǹkan fi sí wọn lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀pà, ó lè jẹ́ ẹyọ bísíkíìtì kan. Wọ́n rò pé ìwà ọ̀làwọ́ ni.

Mà á padà sí Kọ́máàńdì lọ́la, nítorí ìrẹsì ti tán. Ọmọ yẹn á tún gbá ẹnu kọ́ńgò, mi ò sì ní bá a jà. Ẹni tó yẹ kí n bá jà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní ìbéèrè, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn. Ta ló máa san owó èènì?

Ìyá Síkírá ló san án, ọmọ mi. Àwa la jẹ ẹ́.